Omi ti gbẹ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò tíì tán

Ọ̀rọ̀ tí ọ́fíìsì ìrànlọ́wọ́ dáyósíìsì wa bá ìjọ tí ń sọ Yorùbá ní Houston sọ lẹ́yìn ìsìn, ní oṣù keje ọdún 2018

A mọ̀ pé ìrẹsì jọlọ́ọ̀fù ti ń ta sánsán láti gbọ̀ngàn, nítorí náà a kò ní pẹ́ jù.

Ohun tí a kọ́kọ́ fẹ́ ṣe ni kí a tọrọ àforíjì. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá, nígbà tí omi ìjì líle Harvey ṣẹ̀ṣẹ̀ fà, àwa òṣìṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì yìí pẹ̀lú fọ́ọ̀mù lọ́wọ́. Gbogbo ẹni tó bá ń jáde ni a ń bi pé, “Kí ni ẹ nílò?” Ẹ dá wa lóhùn tìfẹ́tìfẹ́: “A dúpẹ́. Ẹ̀mí wà. Kò séwu.” A kọ “kò séwu” sínú fọ́ọ̀mù, a sì gbé e lọ sí ọ́fíìsì. Bí ènìyàn bá wo ìwé wa nígbà náà, yóò rò pé omi kò fọwọ́ kan ìjọ yìí rárá.

Ní oṣù Kejìlá, àwọn ọ̀dọ́ méjì gbé ẹ̀bùn Kérésìmesì lọ sí ilé ẹbí kan nínú ìjọ yìí. A ti gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn kí a tó sọ ọ̀rọ̀ yìí, a kò sì ní dárúkọ wọn. Bí wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn ni òórùn ògiri tó bu gbá wọn nímú. Omi ti wọ ilé náà dé orúnkún ní oṣù kẹjọ. Bàbá ilé ti ká kápẹ́ẹ̀tì dànù, ó ti fọ ògiri, ó sì ti fi ọ̀dà funfun kùn ún. Ẹ̀yìn ọ̀dà náà ni omi ṣì wà. Ìyá àgbà tó wá láti Ìjẹ̀bú láti bá wọn tọ́jú ọmọ tuntun ń wúkọ́ mọ́jú. Lẹ́tà FEMA wà lórí fìríìjì. Wọ́n ti kà á pé wọn kò yẹ fún ìrànwọ́, wọ́n sì gbà pé ó parí síbẹ̀. Èyí tó dùn wá jù ni pé nígbà tí ìjọ dá owó fún àwọn tí omi ṣe lọ́ṣẹ́, àwọn náà dá nínú rẹ̀.

Wọn kò purọ́ fún wa ní oṣù kẹsàn-án. Bí wọ́n ti tọ́ gbogbo wa nìyẹn. Bí a bá kí ọmọ Yorùbá pé “Ṣé dáadáa ni?”, “dáadáa ni” ni yóò sọ, bí òrùlé tilẹ̀ ń jò lé e lórí. Nílé, èyí kò fi bẹ́ẹ̀ burú, nítorí aládùúgbò tó gbọ́ “dáadáa ni” yóò ṣì yọjú wo inú ilé, ojú rẹ̀ yóò sì rí ohun tí ẹnu kò sọ. Fọ́ọ̀mù kò lójú. Ohun tí ẹ bá sọ fún un nìkan ló mọ̀. Àwọn àgbà ló sì sọ pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Ẹ rántí bí ọ̀ràn náà ti tóbi tó. Ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2017 ni Harvey balẹ̀ ní ẹ̀bá Rockport, ní etí òkun Texas. Kò yára kọjá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró lójú kan, ó sì ń rọ òjò lé wa lórí fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní àwọn ibì kan ní Texas, òjò náà lé ní 60 ínǹṣì. Omi Brays Bayou àti Buffalo Bayou bo títì. Nígbà tí adágún Addicks àti Barker kún, wọ́n ní láti ṣí omi wọn sílẹ̀, àwọn ilé kan tí òjò kò bà jẹ́ sì bọ́ sọ́wọ́ omi yẹn. Ìròyìn tí ọ́fíìsì tó ń rí sí omíyalé ní Harris County gbé jáde ní oṣù tó kọjá sọ pé ilé tí omi wọ̀ ní Harris County nìkan lé ní 150,000. Nínú gbogbo 100 ilé bẹ́ẹ̀, 64 ni kò ní ìnṣọ́ránsì omíyalé. Èyí tó ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ ni kò sí ní agbègbè tí máàpù ìjọba kà sí eléwu jù. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe jókòó sílé kí ó máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Kì í ṣe àìgbọ́n yín ló fà á.

Àwọn àgbà tó gbé Ìbàdàn ní ọdún 1980 kò ní gbàgbé ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ, nígbà tí odò Ògùnpa ya wọ ìlú. Bàbá kan nínú ìjọ yìí sọ fún wa pé kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn mọ̀lẹ́bí ti wá kó òun àti àwọn àbúrò òun lọ sí agboolé mìíràn, ẹnikẹ́ni kò sì bi ìyá òun pé kí ló nílò. Wọ́n wá, wọ́n wò, wọ́n gbé wọn. Ní Houston, a kò ní agboolé. Ìjọ yìí ni agboolé wa.

Ìdí nìyẹn tí a fi yí iṣẹ́ wa padà. Láti oṣù kìíní ni a ti ń lọ sí ilé, méjì méjì. A kì í béèrè pé “kí ni ẹ nílò” mọ́. A máa ń béèrè pé: Yàrá wo ni ẹ ń sùn? Ẹ jọ̀wọ́, ṣé a lè fọwọ́ kan ògiri? Ta ló ń wúkọ́? Lẹ́tà wo ló ti wọlé? A ti bá ọ̀pọ̀ ilé pàdé tí ó dà bí ti ẹbí yẹn. Bí ó bá jẹ́ ilé yín ni, ẹ gbọ́ ohun márùn-ún yìí.

Àkọ́kọ́ ni ògiri. Drywall tí wọ́n fi ń kọ́ ilé níbí máa ń fa omi sókè bí aṣọ. Ojú rẹ̀ lè gbẹ kí inú rẹ̀ ṣì tutù. Mold lè bẹ̀rẹ̀ láàrin wákàtí 24 sí 48, ọ̀dà kì í sì í pa á, ńṣe ló ń bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ gé ògiri náà kọjá ibi tí omi dé, ẹ kó òwú tó wà nínú rẹ̀ dànù, kí igi inú sì gbẹ dáadáa kí ẹ tó tún un bò. Ẹ ya fọ́tò gbogbo nǹkan kí ẹ tó kó o sí ẹ̀bá títì. Ẹ lo ìbòmú N95 àti ìbọ̀wọ́. Kí ọmọdé, arúgbó àti ẹni tó ní asthma má ṣe sí nínú ilé nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ. Ẹ má ṣe po bleach pọ̀ mọ́ ammonia tàbí oògùn ìfọlé mìíràn, nítorí èéfín rẹ̀ lè pani.

Èkejì ni ìwé. Bí FEMA bá kọ̀wé pé ẹ kò yẹ, ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé ìwé kan ló kù, tàbí ẹ kò buwọ́ lù ú, tàbí wọn kò tíì rí èsì ìnṣọ́ránsì yín. Ẹ lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn láàrin ọjọ́ 60 sí ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà. Bí ọjọ́ bá tilẹ̀ ti kọjá, ẹ má ṣe sọ lẹ́tà náà nù, ẹ mú un wá fún wa. Àwọn àjọ aláàánú máa ń fẹ́ rí i kí wọ́n tó tún ilé ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìnṣọ́ránsì omíyalé ti ìjọba, ẹ fetí sílẹ̀: ọjọ́ 365 ni wọ́n fún yín láti fi ìwé ẹ̀rí àdánù ránṣẹ́, láti ọjọ́ tí omi wọlé. Ẹ ka oṣù lórí ìka. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré ló kù.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú. A mọ̀ pé ẹ̀rù rẹ̀ ló pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu mọ́. Ní ọ́fíìsì wa, a kì í béèrè ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Gbígba orúkọ fún owó FEMA ti Harvey ti parí ní oṣù Kọkànlá tó kọjá, ṣùgbọ́n ẹ fi èyí sọ́kàn fún ọjọ́ iwájú: bí ọmọ kan nínú ilé bá jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, òbí rẹ̀ lè gba fọ́ọ̀mù ní orúkọ ọmọ náà. Oúnjẹ, omi àti ibi ìsádi nígbà pàjáwìrì, gbogbo ènìyàn ló wà fún.

Ẹ̀kẹrin ni àwọn tó ń túnlé ṣe. Ní Texas, ìpínlẹ̀ kì í fún kọ́ntírátọ̀ gbogbogbòò ní láísẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ṣe iná, páìpù omi tàbí ẹ̀rọ amúlétutù gbọ́dọ̀ ní in. Ẹ ní kí wọ́n fi í hàn yín. Ẹ má ṣe san gbogbo owó kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ìlú yín ni. Pé a jọ ń sọ Yorùbá kò sọ pé kí a má buwọ́ lu ìwé. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ pé FEMA ló rán òun, tó wá ń gba owó kí ó tó wo ilé, olè ni.

Ẹ̀karùn-ún ni ọjọ́ iwájú. Ìgbà ìjì ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà, yóò sì wà títí di ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá. Ìnṣọ́ránsì ilé lásán kì í san owó omíyalé. Èyí tó ń san án máa ń gba ọjọ́ 30 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí náà ẹni tó bá dúró di ìgbà tí ìjì wà lójú òkun ti pẹ́. Ayálégbé náà lè rà á fún ẹrù inú ilé rẹ̀. Bí iná bá sì lọ, ìta ni kí jẹnẹrétọ̀ wà, kí ó jìnnà tó 20 ẹsẹ̀ bàtà sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn. Kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé, lábẹ́ fèrèsé, bí a ti máa ń gbé e sí nílé.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a bá ẹ̀yin tí omi kò wọlé yín sọ̀rọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ ṣe bẹbẹ. Ẹ se oúnjẹ, ẹ kó aṣọ wá títí gbọ̀ngàn fi kún, àwọn ọ̀dọ́ yín wọ bàtà òjò lọ fi ṣọ́bìrì kó ẹrẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá, kálukú padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹrù wá wúwo fún ẹni tí omi bá jà: ó ń san gbèsè orí ilé tó bàjẹ́, ó ń san owó ibi tó ń gbé, ó sì ń tọrọ àyè níbi iṣẹ́ láti lọ dúró de àwọn tó ń wá wo ilé.

Nítorí náà, a bẹ̀ yín pé kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú ìjọ mú ilé kan, kí wọ́n sì má fi í sílẹ̀ títí àwọn onílé yóò fi padà sínú rẹ̀. Ó ṣeé ṣe. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá kan yí àjọ tí wọ́n ń dá lóṣooṣù padà kí ẹni tí omi wọ ilé rẹ̀ lè kó o ṣáájú. Kì í ṣe ìtọrẹ. Owó ara rẹ̀ ló kó, ojú kò sì tì í. Nọ́ọ̀sì kan bá ìyá àgbà yẹn lọ sọ́dọ̀ dókítà. Akáúńtáǹtì kan jókòó ti bàbá ilé, wọ́n sì jọ dá FEMA lésì. Ẹni tí kò ní owó, tí kò sì mọ iṣẹ́ ọwọ́, lè gba ọmọ wọn sọ́dọ̀ ní Sátidé kí òbí lè ráyè tún ilé ṣe.

Ẹ ṣọ́ àwọn ọmọ náà. Ọmọ kan wà tó jẹ́ pé bí ojú ọ̀run bá ti ṣú, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ má ṣe fi í rẹ́rìn-ín, ẹ má sì pè é ní àìgbàgbọ́. Ẹ̀rù omi ni. Àwọn àgbà náà ń ní in, wọn kì í kàn sọ ọ́ ni. Nọ́ńbà 1-800-985-5990 wà fún irú rẹ̀ tọ̀sán tòru, lọ́fẹ̀ẹ́. Fún oúnjẹ, ilé àti ìrànlọ́wọ́ mìíràn, ẹ pe 211.

Gbogbo wa mọ ìtàn ará Samáríà tó rí ẹni tí àwọn ọlọ́ṣà ṣá lọ́gbẹ́. A máa ń yìn ín pé ó dúró, ó di ọgbẹ́, ó san owó ilé èrò. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó sọ kí ó tó lọ: ó ní òun ń padà bọ̀, òun yóò sì san èyí tó bá kù. Ó mọ̀ pé owó tí òun kọ́kọ́ san lè má tó. Ẹ ti ṣe ti àkọ́kọ́. Ìpadàbọ̀ ló kù.

Ilé ẹbí tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti gbẹ báyìí. Ìyá àgbà ti padà sùn sí yàrá ìsàlẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí ilé ìdáná parí, ẹgbẹ́ tó mú ilé náà kò sì tíì fi í sílẹ̀.

Bí ẹ bá ń jáde lónìí, ẹ ó tún bá wa lẹ́nu ọ̀nà. A kò mú fọ́ọ̀mù gígùn wá mọ́. Orúkọ àti àdírẹ́sì nìkan ni a fẹ́, kí a lè wá kí yín nílé. Bí ẹ bá sọ fún wa pé “dáadáa ni”, a ó bá yín dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. A ó sì wá síbẹ̀síbẹ̀.

Kí Ọlọ́run bá wa tún ilé wa kọ́.