Ọkà Bàbà Tí A Tà ní Ọ̀pọ̀, Tí A Rà ní Ọ̀wọ́n

  

  

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló fi ògì bàbà àti àkàrà ṣínu lánàá. Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè: ta ló gbin ọkà bàbà yẹn? Nígbà tó tà á tán, kí ló kù sí i lọ́wọ́?

Ọkà bàbà, ohun ọ̀gbìn ilẹ̀ gbígbẹ ni. Wọ́n ń gbìn ín káàkiri Òkè Ọya, àwọn èèyàn wa ní Òkè-Ògùn náà ń gbìn ín. Nígbà tí òjò bá há, tí àgbàdo ń kú lọ, ọkà bàbà á ká ewé rẹ̀ jọ, á dúró de òjò. Àánú Ọlọ́hun nìyẹn. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ kékeré tó ń wo ojú ọ̀run kì í rí púpọ̀ kó. Lórí nǹkan bí éékà méjì ààbọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í rí ju tọ́ọ̀nù kan lọ, ìyẹn àpò mẹ́wàá tó jẹ́ ọgọ́rùn-ún kílò ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Àpẹẹrẹ lásán ni o. Ká ní bàbá kan yá ₦120,000 ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, fún ajílẹ̀ àti owó alágbàṣe. Ẹni tó yá a lówó ní kó san ₦160,000 tó bá kórè. Ìkórè dé ní November. Gbogbo àgbẹ̀ ló ń tà lẹ́ẹ̀kan náà, àpò kan wá di ₦40,000. Bàbá yìí ta àpò mẹ́rin san gbèsè. Ó ku mẹ́fà. Ó san owó ilé ìwé, ó mú irúgbìn kúrò, ìdílé rẹ̀ ń jẹ ìyókù. Nígbà tó fi máa di July, àká ti gbẹ, ọkà tuntun ò sì tíì gbó. Ó lọ sọ́jà lọ ra àpò méjì. Èló? ₦60,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan! Ṣé ẹ rí i? Owó àpò mẹ́ta tó tà ní November ló fi ra àpò méjì ní July. Kì í ṣe ọ̀lẹ o. Gbèsè ló mú kó tà á lọ́jọ́ tí kò yẹ.

Kì í ṣe pé kò sí ẹni tó fẹ́ ra ọkà náà. Ní 1988, ìjọba fòfin de kíkó bálì tí wọ́n fi ń pọn ọtí wọlé láti òkè òkun. Àwọn ilé iṣẹ́ ọtí wá yíjú sí ọkà bàbà wa, títí kan Guinness tó ti wà ní Ikeja níbí láti 1962. Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn yín. Ọtí kò ní orúkọ méjì, hàráámù ni, Ànábì wa sì ti kìlọ̀ fún ẹni tó ń fún un, ẹni tó ń rù ú àti ẹni tó ń tà á. Ṣùgbọ́n ọkà bàbà kan náà ni wọ́n ń lò fún malt tí ọmọ wa ń mu. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí ni pé nígbà tí ọkà bá wọ́n, ẹni tó ní àká àti owó lọ́wọ́ ló ń jèrè. Àgbẹ̀ onígbèsè ti tà tipẹ́. Ìgbìmọ̀ ọkà tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1977, tó yẹ kó máa dá iye owó dúró fún un, wọ́n tú u ká ní 1986.

Kí wá ni Islam wí? Nígbà tí Ànábì dé Madina, ó bá wọn tí wọ́n ń san owó èso sílẹ̀ ní ọdún kan tàbí méjì ṣáájú. Kò lé wọn. Ó ní kí wọ́n mọ òṣùwọ̀n rẹ̀, kí wọ́n mọ ìwọ̀n rẹ̀, kí wọ́n sì mọ ọjọ́ rẹ̀. Òwò Salam nìyẹn. Èmi olówó á san gbogbo owó lónìí. Àgbẹ̀ á gbé ọkà irú báyìí, àpò báyìí, wá lóṣù báyìí. Àgbẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ èlé, èmi náà rí ọkà tí owó rẹ̀ rọjú. Tí kò bá rí ọkà náà mú wá lọ́jọ́ àdéhùn ńkọ́? Màá ní sùúrù dè é, tàbí kí n gba owó tí mo san padà, láìfi kọ́bọ̀ kan lé e. Ọ̀pọ̀ àlùfáà sì ní a kò gbọdọ̀ tà á fún ẹlòmíràn kó tó dé ọwọ́ wa.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ asalátù, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tẹ́ ẹ ń dá àjọ, ṣé àwa ò lè ṣe èyí? Ìdílé mẹ́wàá lè dá owó jọ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí àbúrò bàbá wa ní Ṣakí tàbí Kíṣí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ pe ẹlẹ́rìí. Ẹni tó sì ń ra ọkà pamọ́ kó lè wọ́n mọ́ aráàlú lọ́wọ́, kó bẹ̀rù Ọlọ́hun.

Àgbẹ̀ náà ní ojúṣe tirẹ̀. Nínú Suratul An'aam, Ọlọ́hun pàṣẹ pé kí á yọ ẹ̀tọ́ inú irè oko lọ́jọ́ ìkórè. Tí ọkà bá pé 300 sáà, tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ṣírò sí nǹkan bí 650 kílò, ìdá kan nínú mẹ́wàá ni sàká rẹ̀ tó bá jẹ́ omi òjò ló hù ú, ìdá kan nínú ogún tó bá jẹ́ pé òógùn ló fi bomi rin ín.

Láìpẹ́ a ó yọ sàká ìtúnu àwẹ̀. Àwọn kan nínú wa á wọn ọkà bàbà. Bí ẹ bá ti ń wọ̀n ọ́n, ẹ rántí ẹni tó gbìn ín, kẹ́ ẹ sì bi ara yín bóyá àwa ọmọ rẹ̀ tó wà l'Ékòó ṣèrànwọ́, àbí a kàn dúró dìgbà tó máa tà ní ọ̀pọ̀.

Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí oko wa, kó sì gbà wá lọ́wọ́ èlé. Àámín.