Kílò Mélòó Ló Tó? Bí A Ṣe Ń Yan Ìwọ̀n Ara Tí Ọwọ́ Lè Tẹ̀, Tó Sì Ń Ṣe Ara Lóore

  

Kì í ṣe bí èèyàn ṣe ń rù ni mo wá sọ lónìí. Àwọn tó ń sọ ìyẹn pọ̀ lórí rédíò, wọ́n pọ̀ lórí fóònù, a sì ń bá wọn pàdé nínú bọ́ọ̀sì Èkó sí Ìbàdàn pẹ̀lú àpò oògùn léjìká. Ìbéèrè tèmi ṣáájú tiwọn: ẹni tó bá fẹ́ dín ìwọ̀n ara rẹ̀ kù, níbo ló yẹ kó fi àmì sí pé òun ti dé? Ìdáhùn mi ni pé ibi tí ara wà lónìí ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò, kì í ṣe ibi tí ojú ń wò. Ọ̀pọ̀ ẹni tí a ń pè ní aláìnífaradà, kì í ṣe ọ̀lẹ. Àmì tí wọ́n fi sí ọ̀nà jíjìn jù ló dá wọn padà.

1. Ta ní ń yan ìwọ̀n fún wa?

Ẹ bi àwọn tó fẹ́ rù pé kílò mélòó ni wọ́n ń lé. Ọ̀kan á ní ìwọ̀n tí òun wà lọ́jọ́ ìgbéyàwó òun ni. Òmíràn á ní aṣọ ẹbí kan wà nínú àpótí tí òun fẹ́ kó tún wọ òun. Ọ̀dọ́bìnrin á na fóònù sí yín, á fi fọ́tò òṣèré kan hàn yín: lẹ́pa ló fẹ́ jẹ́, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe òun ní orobo mọ́.

Àwọn ará ilé náà ní ìdiwọ̀n tiwọn, ìyẹn sì yàtọ̀ pátápátá. Ẹni tó bá sanra, a ní ayé ń yẹ ẹ́, a ní ọkọ rẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó bá fọn, a ó máa wo ojú rẹ̀ bóyá àìsàn ni. Obìnrin tó fi oṣù mẹ́ta jìjàdù, tó dín kílò 6 kù, á délé ìyá ọkọ, màmá á ní: "Ìyàwó mi, kí ló ń ṣe ọ́? Ṣé o ò jẹun ni?" Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n á ti gbé iyán síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ẹran tó yọrí jáde nínú ọbẹ̀, kò sì ní lè kọ̀ ọ́.

Fọ́tò ń fa ẹni yìí síhìn-ín, ẹbí ń fà á sọ́hùn-ún, kò sì sí èyí tó wọn ara rẹ̀ wò nínú wọn. Télọ̀ tó bá mọṣẹ́ kì í fi ìwọ̀n ẹlòmíràn gé aṣọ oníbàárà rẹ̀. Téèpù ló kọ́kọ́ ń mú.

2. Ìwé tó wà lára ògiri ilé ìwòsàn

Àwọn kan á ní àwọn kò tẹ̀lé fọ́tò, ìdiwọ̀n BMI tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ìwòsàn làwọn ń tẹ̀lé. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ ká mọ ìdílé tí a ti bí i.

Adolphe Quetelet, ọmọ ilẹ̀ Belgium, ló gbé ìṣirò náà kalẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1832. Onímọ̀ ìṣirò àti ìràwọ̀ ni, kì í ṣe dókítà. Ohun tó ń wá ni bí ọmọ ènìyàn ṣe rí tí a bá da ọ̀pọ̀ wọn pọ̀. Kò fi í ṣe òfin fún ẹnì kan ṣoṣo tó jókòó níwájú dókítà. Ọdún 1972 ni Ancel Keys àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà sọ ọ́ ní orúkọ tó ń jẹ́ dòní, lẹ́yìn tí wọ́n dán an wò lára ọkùnrin tó lé ní 7,000 láti orílẹ̀-èdè 5. Obìnrin kankan kò sí nínú wọn.

Ìṣirò náà kò le. Ẹ mú gíga yín ní mítà, ẹ fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ wá fi èsì rẹ̀ pín kílò yín. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní láti 18.5 dé 24.9 ló dára. Láti 25 ni ara ti ń wúwo jù. Láti 30 sókè ni ìsanrajù. Ó wúlò láti fi mọ ẹni tó yẹ ká yẹ̀ wò dáadáa. Àmọ́ kò mọ ọ̀rá yàtọ̀ sí iṣan, kò sì mọ ọ̀rá ikùn yàtọ̀ sí ọ̀rá ìdí, bẹ́ẹ̀ ọ̀rá ikùn ló ń fa ìjàngbọ̀n jù.

Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 1.60, ó wọn kílò 96. Tí a bá fi 2.56 pín 96, BMI rẹ̀ jẹ́ 37.5. Kó tó dé 24.9, ó gbọ́dọ̀ padà sí nǹkan bíi kílò 64, ìyẹn ni pé kó ju kílò 32 nù. Ìdá kan nínú mẹ́ta ara rẹ̀ nìyẹn! Bí a bá fún un ní nọ́ńbà yìí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò ní padà wá sí kílíníkì mọ́.

3. Ìwọ̀n àlá àti ìwọ̀n ìjákulẹ̀

Lọ́dún 1997, Gary Foster àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Pennsylvania tẹ ìwádìí kan jáde tí mi ò lè gbàgbé. Wọ́n kó obìnrin 60 tó sanra jù jọ. Kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní kí kálukú dárúkọ oríṣìí ìwọ̀n mẹ́rin: èyí tó ń lá lálàá, èyí tí inú rẹ̀ á dùn sí, èyí tó lè fara mọ́, àti èyí tó máa já a kulẹ̀. Ní ìṣirò ẹnì kọ̀ọ̀kan, ohun tí wọ́n ń lé ni pé kí ìdá 32 nínú 100 ìwọ̀n ara wọn dínkù. Wọ́n ní tó bá jẹ́ kílò 17 péré làwọn dín kù, ìjákulẹ̀ ni.

Ọ̀sẹ̀ 48 kọjá. Wọ́n dín kílò 16 kù ní ìṣirò ẹnì kọ̀ọ̀kan. Dókítà tó bá rí irú èsì bẹ́ẹ̀ á dìde jó. Ṣùgbọ́n ìdá 47 nínú 100 lára àwọn obìnrin náà ni kò tíì dé ìwọ̀n tí wọ́n pè ní ìjákulẹ̀ pàápàá. Àṣeyọrí ni ara wọn ṣe, òfo ni ọkàn wọn kà á sí. Ẹni tó bá sì ka iṣẹ́ rẹ̀ sí òfo, kì í pẹ́ kó tó jù ú sílẹ̀.

4. Ohun tí kílò díẹ̀ lè ṣe

Ṣé kílò díẹ̀ wúlò lóòótọ́, àbí a kàn fi ń tu ara wa nínú ni? Lọ́dún 2002, èsì ìwádìí ńlá kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí dídènà àtọ̀gbẹ. Ènìyàn 3,234 ló kópa níbẹ̀, àwọn aláwọ̀ dúdú sì wà nínú wọn. Ṣúgà ẹ̀jẹ̀ gbogbo wọn ti ń gòkè, ṣùgbọ́n kò tíì di àtọ̀gbẹ. Wọ́n ní kí apá kan dín ìdá 7 nínú 100 ìwọ̀n ara wọn kù, kí wọ́n sì máa fi ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ rìn tàbí ṣe eré ìdárayá. Wọ́n fún apá kejì ní oògùn metformin. Apá kẹta gba oògùn tí kò ní agbára kankan nínú.

Oògùn metformin fi ìdá 31 nínú 100 dín iye àwọn tí àtọ̀gbẹ mú kù. Àwọn tó yí oúnjẹ padà, tí wọ́n ń rìn, fi ìdá 58 dín in kù. Ẹ wá gbọ́ iye kílò tí wọ́n pàdánù ní ìṣirò ẹnì kọ̀ọ̀kan: kílò 5.6. Kò tó láti yí fọ́tò ìgbéyàwó padà, ṣùgbọ́n ó tó láti lé àtọ̀gbẹ sẹ́yìn.

Ẹ padà sọ́dọ̀ obìnrin oníkílò 96 wa. Ìdá 5 nínú 100 rẹ̀ kò tó kílò 5; ìdá 10 kò pé kílò 10. Láàárín méjèèjì yìí ni ẹ̀jẹ̀ ríru ti máa ń rọlẹ̀, tí ṣúgà àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ń dínkù. Àwọn tó ṣèwádìí lórí eékún sì rí i pé, bí ènìyàn bá dín kílò 1 kù, nǹkan bíi kílò 4 ló ń kúrò lórí eékún rẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìyá tó ń gun àtẹ̀gùn ọjà lójoojúmọ́ á mọ̀ ọ́n lára. Síbẹ̀, bó bá dín ìdá 10 kù, BMI rẹ̀ ṣì máa lé ní 33, ìwé ara ògiri á ṣì pè é ní ẹni tó sanra jù. Ìdí nìyí tí mo fi ní ká má fi ìwé náà ṣe onídàájọ́ kan ṣoṣo.

5. Ara ń jà padà

Ìdí mìíràn wà tí àmì tó jìnnà jù fi léwu. Ara kò mọ̀ pé ẹwà là ń wá; ìyàn ló rò pé ó dé. Bí ọ̀rá bá ń lọ, èròjà leptin tó ń sọ fún ọpọlọ pé oúnjẹ ti tó máa dínkù, ghrelin tó ń pe ebi á pọ̀ sí i, iná tí ara ń jó á sì lọ sílẹ̀.

Lọ́dún 2016, Kevin Hall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn àwọn 14 tó díje nínú ètò tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ń fi rírù du ẹ̀bùn. Láàárín oṣù mélòó kan, kálukú wọn ju nǹkan bíi kílò 58 nù. Lẹ́yìn ọdún 6, kílò 41 ti padà sí wọn lára ní ìṣirò ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ara wọn sì ń fi nǹkan bíi kálórì 500 lójúmọ́ jó iná tó kéré sí ti ẹlòmíràn tó tóbi tó wọn. Àwọn àgbà ti ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Ẹ kíyè sí tíì àti oògùn tó ń ṣèlérí kílò 10 lọ́sẹ̀ kan. Ọ̀pọ̀ irú tíì bẹ́ẹ̀, oògùn ìyàgbẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Omi ló ń fà jáde. Bí ẹ bá mu omi tán, ìwọ̀n á padà. Ẹni tó bá sì rù ní ìwàdùwàdù, iṣan á bá ọ̀rá lọ, òkúta tún lè dì sínú àpò òróòro.

6. Bí a ṣe ń yàn án

Èkíní, ẹ mọ ibi tí ẹ wà. Ẹ wọn kílò, ẹ wọn ìbàdí, ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà wò. Kí ìbàdí má tó ìdajì gíga. Ẹni tó ga ní sẹ̀ńtímítà 160, ibi tó ń lọ ni ìbàdí tí kò tó 80.

Èkejì, ẹ yan ìdá 5 nínú 100 ìwọ̀n tòní. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ lè lọ sí 10. Ìlànà tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́dún 1998 fún àwọn dókítà sọ pé ìdá 10 láàárín oṣù 6 ló yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ lé. Ààbọ̀ kílò sí kílò 1 lọ́sẹ̀ ti tó.

Ẹ̀kẹta, ẹ fi iṣẹ́ ti nọ́ńbà lẹ́yìn. Ẹ lè pinnu pé ọtí ẹlẹ́rìndòdò á kúrò nínú oúnjẹ ojoojúmọ́, nítorí ṣúgà inú ìgò 50cl lè tó gíráàmù 50. Ẹ lè sọ àmàlà di ìdajì, kí ẹ̀fọ́ sì pọ̀ sí i. Ẹ lè fi ìṣẹ́jú 30 rìn lọ́jọ́ 5 nínú ọ̀sẹ̀. Ìwọ̀n kì í gbọ́ àṣẹ wa lójoojúmọ́. Ẹsẹ̀ àti ọwọ́ wa ń gbọ́.

Ẹ̀kẹrin, bí ẹ bá dé àmì kan, ẹ dúró níbẹ̀ fún oṣù díẹ̀ kí ẹ tó ronú èyí tó kàn. Ìwọ̀n tí ẹ lè máa gbé pẹ̀lú rẹ̀ láìfi ebi pa ara yín, tí ẹ lè lọ òde kí ẹ sì jẹun láìbẹ̀rù, ìyẹn ni ìwọ̀n yín. Bó bá fi kílò 10 ju ti ọjọ́ ìgbéyàwó lọ, kò burú.

Àwọn kan wà tí kò gbọdọ̀ dá òdiwọ̀n yàn: aláboyún, ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú, ọmọdé, arúgbó, àti ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ. Kí wọ́n kọ́kọ́ rí dókítà. Ẹni tó bá sì ń rù láìgbìyànjú, kó má fi ṣayọ̀; kó lọ ṣàyẹ̀wò kíákíá.

7. Ẹ̀bẹ̀ mi

Ẹ̀yin dókítà àti nọ́ọ̀sì, ẹ má kàn sọ fún aláìsàn pé kó lọ rù. Ẹ fún un ní kílò kan pàtó tó lè dé, kí ẹ sì dá ọjọ́ tó máa padà wá. Ẹ̀yin ìyá ọkọ àti ìyá ìyàwó, bí ọmọ yín bá fọn díẹ̀, ẹ bi í bóyá òun ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ kí i kú iṣẹ́, kí ẹ sì bu oúnjẹ rẹ̀ níwọ̀nba. Ẹ̀yin tó ń gbìyànjú, ẹ fi 20 pín kílò tí ẹ bá wọn lọ́la. Ohun tó bá jáde, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ lé. Bí ẹ bá mú un, tí ẹ sì dì í mú, ẹ ti ṣe ohun tí ara yín ń bẹ̀ yín fún.