Ogbó Kì Í Ṣe Àìsàn

Ọ̀rọ̀ lórí ìtọ́jú ara àwọn àgbà, tí a kà níbi ayẹyẹ ọdún ìbílẹ̀ ní Aklampa

 

Lọ́jọ́ ọdún, àwọn àgbà ló ń jókòó níwájú. Ẹnu wọn la ti ń gbọ́ oríkì ìdílé, ọwọ́ wọn la fi ń ta omi sílẹ̀, àwọn ló mọ ibi tí orin ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó yẹ kó parí sí. Bí ó bá di ọ̀la, àwọn àlejò á wọkọ̀, ìlù á dákẹ́, àwọn àgbà á sì padà sí yàrá wọn. Ta ni yóò bi wọ́n bóyá ẹsẹ̀ tó wú lánàá ti fà? Orí ìbéèrè yìí ni ọ̀rọ̀ òní dá lé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ilẹ̀ Faransé, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé kò sí ohun tó ń wọ́n wọn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2003, ooru mú níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún (15,000) ènìyàn ló bá a lọ, arúgbó ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn kan kú nínú yàrá àwọn nìkan, àwọn mìíràn kú sílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Àkókò ìsinmi ni: àwọn ọmọ ti lọ gbafẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ kò sì pé. Omi kò wọ́n, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò gbé ife sí wọn lẹ́nu. Lẹ́yìn àjálù yẹn, ìjọba ní kí ilé ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan ní yàrá kan tó tutù. Òfin ọdún 2004 sì ní kí àwọn òṣìṣẹ́ máa fi iṣẹ́ ọjọ́ kan lọ́dún ṣe ìrànwọ́ fún àwọn arúgbó àti àwọn aláàbọ̀ ara.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò tán. Ní ìlú Neuilly lẹ́bàá Paris, ilé ìtọ́jú kan wà tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Orpea ní ọdún 2022. Yàrá tí owó rẹ̀ kéré jù níbẹ̀ nígbà náà tó 6,500 yúrò lóṣù, èyí tó ju mílíọ̀nù mẹ́rin fáráǹkì CFA lọ. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, oníròyìn kan, Victor Castanet, tẹ ìwé jáde lẹ́yìn ìwádìí ọdún mẹ́ta lórí ilé-iṣẹ́ náà. Ó kọ ọ́ pé òǹkà ni wọ́n fi ń fún àwọn arúgbó ní ìlédìí, pé wọ́n ń ṣọ́ oúnjẹ wọn lò, pé òṣìṣẹ́ kò tó láti wẹ̀ wọ́n tàbí láti wo egbò wọn. Ilé-iṣẹ́ náà kọ́kọ́ jiyàn, ṣùgbọ́n kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti yọ ọ̀gá àgbà wọn nípò. Ìjọba náà rán olùbẹ̀wò lọ.

Kí nìyẹn kọ́ni? Owó nìkan kò tó. Ilé aláràbarà nìkan kò tó. Ibi tí kò bá ti sí ẹni tí a yàn láti máa wo ara arúgbó lójoojúmọ́, ìyà ń bẹ níbẹ̀.

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyẹn, pé lọ́dọ̀ tiwa, agbo ilé ni àgbà ń gbé. Òótọ́ ni, ohun ìyìn sì ni. Òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní ń mu. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo agbo ilé náà bó ṣe rí lónìí. Àwọn ọmọ wà lẹ́yìn odi. Wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù, Ọlọ́run á bù kún wọn. Ẹni tó kù nílé ni ìyàwó ọmọ tó ń lọ sóko láàárọ̀, tó ń lọ sọ́jà Glazoué ní Ọjọ́rú, àti ọmọ-ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìlá. Ọmọ yẹn ló ń pọn omi, ló ń se ẹ̀kọ, ló ń fún ìyá àgbà lóògùn. Bí oògùn bá tán, kò mọ ẹni tí yóò sọ fún. Bí ìyá àgbà bá ṣubú lálẹ́, kò lè gbé e. Bí a bá dá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dá arúgbó, àwa náà ti kọ́ ilé ìtọ́jú tí kò ní òṣìṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń pa àwọn àgbà wa ju àrùn lọ. Ọ̀rọ̀ náà ni “ogbó ni”. Ojú baba kò ríran mọ́: ogbó ni. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ funfun kan tó bo inú ẹyin ojú, èyí tí iṣẹ́ abẹ kékeré lè mú kúrò. Orí ń fọ́ ìyá, òòyì ń kọ́ ọ: ogbó ni. Ó sì lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru, èyí tí a fi ẹ̀rọ wọ̀n láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, tí oògùn ojoojúmọ́ sì ń kápá rẹ̀. Baba ń dìde tọ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún lóru, ìtọ̀ sì ń há: ogbó ni. Àrùn ni, ó ní ìtọ́jú. Ìyá tí orí rẹ̀ pé lánàá ṣàdédé ń sọ ìsọkúsọ lónìí: wọ́n ní ó ti ń ṣarán, tàbí kí wọ́n tilẹ̀ pè é ní àjẹ́. Nígbà mìíràn, omi ló gbẹ lára rẹ̀, tàbí ibà, tàbí àrùn inú ìtọ̀. Òùngbẹ kì í gbẹ arúgbó bí ó ti ń gbẹ ọmọdé, nítorí náà a kì í dúró kó béèrè omi. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ooru bá mú láàárín àwọn òkè wa, ẹ máa gbé omi fún wọn. Ẹni tí kò lè dìde lórí ẹní, ẹ máa yí i padà ní wákàtí méjì-méjì. Egbò ìdí àti ti gìgísẹ̀ ń ti ìdùbúlẹ̀ lójú kan wá, ó sì ń pani.

Ọ̀rọ̀ owó kò ṣe é fò. Nígbà tí àgbà bá kú, ìdílé á rí owó aṣọ ẹbí, owó màlúù, owó tẹ́ǹtì àti ti olórin. Oṣù mẹ́ta ṣáájú, ìdílé kan náà kò rí owó zémidjan tí yóò gbé e dé ilé ìwòsàn. Kò sí ẹni tó ní ká má sin òkú wa dáadáa, ojúṣe ọmọ ni. Ṣùgbọ́n òkú kì í mọ iye màlúù tí a pa, alààyè ló mọ̀ bóyá wọ́n ra oògùn òun. Bí ẹ bá sì máa rà á, ẹ má rà á lórí àtẹ ẹ̀bá ọ̀nà. Kò sí ẹni tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin aṣojú ìjọba, ẹ dákun. Òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1990, ní ẹ̀ka 26, ní kí Ìjọba máa bojú tó àwọn aláàbọ̀ ara àti àwọn arúgbó. Ní ọdún 2019, nígbà tí wọ́n fẹ́ dán ètò ìlera ARCH wò fún àwọn tálákà paraku, agbègbè ìlera Dassa-Zoumè àti Glazoué wà lára àwọn mẹ́ta tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ìlú wa kò sí lẹ́yìn nínú ìwé. Ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ nínú yàrá àwọn arúgbó. Ẹni tí kò lè rìn kò lè lọ forúkọ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì. Ẹ jẹ́ kí ọ́fíìsì lọ bá a nílé. Ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ ìlera máa yà sọ́dọ̀ àwọn tó dùbúlẹ̀. Nílé ìwòsàn, ẹ má jẹ́ kí arúgbó jókòó lórí bẹ́ǹṣì láti òwúrọ̀ dọ̀sán, kí wọ́n sì wá sọ fún un pé ogbó ni.

Ẹgbẹ́ wa náà lè ṣe ohun mẹ́rin láìdúró de ẹnikẹ́ni. Àkọ́kọ́, kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan tí a kọ orúkọ àwọn àgbà sí, pẹ̀lú àìsàn wọn, oògùn wọn, àti nọ́ńbà fóònù ọmọ tí a lè pè. Èkejì, kí a yan ẹni kan, tó mọ̀wé kà, tí yóò máa wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Kí ó béèrè àgbo tí wọ́n ń mu pẹ̀lú, kí nọ́ọ̀sì lè mọ̀ ọ́n, nítorí ewé àti oògùn lè bá ara wọn jà. Ẹ̀kẹta, nínú owó tí ìdílé bá dá fún òkú, kí díẹ̀ wọ àpótí ìtọ́jú àwọn tó ṣì wà láàyè. Ẹ̀kẹrin, kí a máa wọn ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbà lọ́fẹ̀ẹ́ ní gbogbo ọjọ́ ọdún, kí wọ́n tó jókòó síwájú.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń padà sẹ́yìn odi lọ́la, kí ẹ tó wọkọ̀, ẹ wọ yàrá baba àti ìyá. Ẹ wo ẹsẹ̀ wọn, ẹ wo ojú wọn, ẹ wo oògùn tó kù nínú páálí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ tó ń tọ́jú wọn ohun tó ń dẹ́rù bà á. Ẹni tó tọ́jú àgbà ń la ọ̀nà sílẹ̀ fún ogbó ara rẹ̀.

Kí àwọn àgbà wa pẹ́ fún wa, kí wọ́n sì pẹ́ nínú àlàáfíà. Ẹ̀ẹ̀mọ̀ kò ní dé. Àṣeyí ṣàmọ́dún o.