Íńdíà àti Àwọn Àgbẹ̀ Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Íńdíà ni a mú wá. Ní 1947 ni wọ́n gba òmìnira lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2023, ẹ̀rọ wọn gúnlẹ̀ nítòsí ìpẹ̀kun gúúsù òṣùpá, níbi tí orílẹ̀-èdè kankan kò gúnlẹ̀ sí ṣáájú wọn. Èyí wú wa lórí.

Ṣùgbọ́n ní 2020, àwọn àgbẹ̀ wọn dó sí ẹnu ọ̀nà ìlú Delhi nítorí òfin ọjà mẹ́ta. Wọ́n bẹ̀rù pé àwọn oníṣòwò ńlá ni yóò máa dá iye lé ìrè oko àwọn. (Ẹ̀yin olóko kòkó mọ ìbẹ̀rù yìí!) Wọn kò kúrò níbẹ̀ títí ìjọba fi fagi lé òfin náà ní 2021. Oko wọn kéré, ọmọ wọn ti kàwé, ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ kò sì tíì pọ̀ tó láti gbà wọ́n.