Ọdún 2018: Ọdún tí Ijó Agége Jáde Sáyé

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa)

 

Iṣẹ́ tí ẹ rán wa yàtọ̀ sí èyí tí a máa ń jẹ́ ní irú ibi báyìí. Ẹ ní kí a mú ọdún kan, kí a sì sọ̀rọ̀ nípa fàájì rẹ̀: orin tí wọ́n kọ, ijó tí wọ́n jó, aṣọ tí wọ́n wọ̀, àti àwọn ohun àrà tí ó pa wá lẹ́rìn-ín. Ó kọ́kọ́ ṣe wá bí ẹni pé ọ̀rọ̀ eré ni èyí, tí kò yẹ kí ó gba àyè lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀nà, ọ̀rọ̀ omi àti ọ̀rọ̀ ilé ìwé. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde. Ọdún 2018 ni a mú. Ọjọ́ ti gorí rẹ̀ díẹ̀, èyí sì dára, nítorí pé ẹni tí ó wà lójú agbo kì í rí bí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ti ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún náà, ìròyìn kan jáde láti Makurdi, ní ìpínlẹ̀ Benue, pé nígbà tí wọ́n béèrè mílíọ̀nù 36 náírà ní ọ́fíìsì àjọ JAMB, èsì tí wọ́n rí gbà ni pé ejò ti gbé e mì. Kí a tó rín ẹ̀rín èyí tán, a tún gbọ́ láti ẹnu aṣòfin kan pé ọ̀bọ ni ó kó mílíọ̀nù 70 náírà tí ó jẹ́ ti ẹgbẹ́ àwọn aṣòfin kan sá lọ. Ní ọjà wa, bí oníbàárà bá ní òun gbàgbé owó sílé, ẹni tí ń tajà yóò bi í bóyá ejò ilé rẹ̀ ti jẹun yó. Ọ̀rọ̀ tí ó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín ni a ń fi í rín. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ejò kì í jẹ owó.

Ní oṣù Kẹfà ni ìdíje ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ti bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ ní Rọ́ṣíà. Kí ẹnikẹ́ni tó gbá bọ́ọ̀lù, aṣọ ti gba ẹ̀yẹ. Nike ṣe aṣọ kan fún Super Eagles, aláwọ̀ ewé àti funfun, tí apá rẹ̀ ní iṣẹ́ ọnà dúdú bí ìyẹ́ ẹyẹ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù náà, tí wọ́n tẹ́ ẹ fún títà, àwọn ènìyàn tò lọ rẹrẹ ní òpópónà Oxford ní Lọ́ńdọ́nù; ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ mọ̀ jù wá lọ. Kò pẹ́ rárá tí ọjà fi tán. Níhìn-ín, kí ojúlówó tó dé, ayédèrú ti kún igbá àwọn ọlọ́jà. Lórí pápá, Croatia fi àmì ayò 2 sí òdo nà wá, àwa náà fi 2 sí òdo na Iceland, tí Ahmed Musa gbá méjèèjì wọlé, Argentina sì fi 2 sí 1 dá wa padà sílé. Aṣọ wa gbayì ju ẹsẹ̀ wa lọ.

Ṣùgbọ́n orin tí a fi wo bọ́ọ̀lù náà ni ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. “Issa Goal” ni wọ́n ń pè é. Ó ti jáde ní ìparí ọdún 2017, ẹni tí ó sì ni ín ni Azeez Fashola, tí ayé mọ̀ sí Naira Marley, pẹ̀lú Olamide àti Lil Kesh. Agége ni wọ́n ti bí Naira Marley kí ó tó lọ dàgbà ní Peckham ní Lọ́ńdọ́nù. Ijó tí àwọn ọ̀dọ́ ń jó sí i ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí jù lọ. Shaku Shaku ni orúkọ rẹ̀.

Fún àwọn tí kò rí i, tàbí tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gbójú kúrò, ẹ jẹ́ kí a ṣe àpèjúwe rẹ̀. Ẹni tí ó ń jó o yóò tẹ̀ síwájú díẹ̀, yóò gbé ọwọ́ méjèèjì kọ́ ara wọn níwájú àyà bí ẹni tí a dè ní ọrùn ọwọ́, yóò sì máa fa ẹsẹ̀ kan tẹ̀ lé èkejì bí ẹṣin tí ó ń rìn gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lójú kan. Kò gba ohun èlò, kò gba owó, kò sì gba àyè ju èyí tí ẹnì kan lè dúró sí. Ènìyàn lè jó o ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tí ogún ènìyàn ń gbé. Ohun tí ọ̀pọ̀ gbà ni pé àdúgbò Agége ni àwọn ọ̀dọ́ ti dá a sílẹ̀. Olamide, tí í ṣe ọmọ Bàrígà, wà lára àwọn olórin tí ó gbé e dé ibi gíga, pàápàá nínú orin “Science Student” tí ó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018. Nígbà tí ọdún fi dé ìdajì, ó ṣòro láti rí ìgbéyàwó tí ìyàwó àti ọkọ kò ti kọ́wọ́ jó o, ìbáà ṣe ní Ìkẹjà tàbí ní Lọ́ńdọ́nù.

A ní ẹ̀ṣẹ̀ kan láti jẹ́wọ́ níbí yìí. Ní ọdún náà gan-an, nígbà tí ẹgbẹ́ wa ń ṣe àjọyọ̀, àwọn ọ̀dọ́ wá bẹ̀ wá pé kí a fún àwọn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré láti jó. A kọ̀ jálẹ̀. A ní ijó ọmọ ìta ni, kò yẹ níwájú àwọn olóyè. Àwọn ọmọ náà kò bá wa jà. Wọ́n gba ẹnu géètì lọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí jó níta. Kí ẹni tí ń ka ọ̀rọ̀ ìkíni tó ṣí ojú ìwé kejì, ìdajì àga ti ṣófo. Nígbà tí a jáde lọ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀, a bá méjì nínú àwọn tí ó kọ̀ fún wọn ní iwájú agbo, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀rù tí ó bà wá kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀. Ní ìparí oṣù Kẹrin ọdún náà, ilé iṣẹ́ BBC gbé fíìmù ìwádìí kan jáde lórí bí àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ wa ti ń mu oògùn ikọ́ tí ó ní codeine nínú bí ẹni mu ọtí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún, ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n dẹ́kun ṣíṣe irú oògùn ikọ́ bẹ́ẹ̀ àti kíkó o wọlé. Orin “Science Student” fúnra rẹ̀ dárúkọ irú àdàlù bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ní ó ń polówó rẹ̀ ni, àwọn kan ní ó ń fi ohun tí ó wà láàárín wa hàn ni. Àwa kò nílò fíìmù kí a tó mọ̀. Nínú àwọn ìyá tí ó jókòó níhìn-ín, ẹnì kan wà tí ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìgò oògùn ikọ́ kan, tí kò sì tíì padà bọ̀ sípò. Nítorí náà, nígbà tí a rí ọmọ tí ó tẹ̀, tí ó ń fa ẹsẹ̀, a rò pé oògùn ni ó ń jó. A bínú orí, a fi fìlà dé ìbàdí. Ijó ni a lé jáde. Oògùn wà níbi tí ó wà.

Kí ọdún tó parí, ijó náà pàápàá ti ń di àtijọ́. Ní oṣù Kejìlá, Zlatan gbé orin “Zanku” jáde, gbogbo ìta sì yí sí i: ẹsẹ̀ gíga, ilẹ̀ kíkì, àti títa ẹsẹ̀ síwájú bí ẹni tí yóò fi gìgísẹ̀ ṣílẹ̀kùn. Ohun tí a kò fún ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti ta wá yọ kí a tó mọ ohun tí ó jẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni ó ti ń rí láti ìgbà pípẹ́. Jùjú tí Tunde King àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lù ní Èkó ní nǹkan bí ọdún 1930, ọ̀dọ́ àdúgbò ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lónìí àwọn ọlọ́lá ni ó ń ná owó fún un. Fújì, láti inú wéré tí àwọn èwe fi ń jí àwọn Mùsùlùmí fún sààrì ni ó ti jáde. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 1977, àwọn ṣójà dáná sun ilé Fela ní ọ̀nà Agege Motor Road, ọ̀nà tí ó ń jẹ́ orúkọ ìlú wa. Ní ọjọ́ 3 oṣù Keje ọdún 2018, ọdún 41 lẹ́yìn rẹ̀, Ààrẹ ilẹ̀ Faransé, Emmanuel Macron, fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ New Afrika Shrine tí àwọn ọmọ Fela ṣí ní Ìkẹjà, kò jìnnà sí wa, láti wá gbádùn orin. Ẹ wò ó: ohun tí a fi iná sun ní ayé baba ni àlejò ń wọkọ̀ òfurufú wá wò ní ayé ọmọ.

Ní ìlú Seoul, olú ìlú Gúúsù Kòríà, akọrin kan tí ń jẹ́ Psy fi orúkọ àdúgbò Gangnam kọ orin ní ọdún 2012, ó sì jó ijó kan sí i bí ẹni tí ó gun ẹṣin, ọwọ́ kọ́ra níwájú. Ẹ ṣe àkíyèsí bí ó ti jọ tiwa. Ní ọdún 2016, wọ́n gbé ère ọwọ́ méjì tí ó kọ́ra kalẹ̀ ní Gangnam, àwọn àlejò sì ń ya fọ́tò lábẹ́ rẹ̀. Kí ni àwa ní Agége ní láti fi hàn? Kì í ṣe ère ni a ń béèrè. Orúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ kọ́wọ́, tí ó sì fa ẹsẹ̀, ni a ń béèrè, a kò sì rí ẹni tí ó lè sọ ọ́ fún wa pẹ̀lú ìdánilójú.

Bẹ́ẹ̀ ni búrẹ́dì Agége. Wọ́n ń tà á dé Peckham, orúkọ wa wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó lè sọ ìtàn rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀? Bẹ́ẹ̀ náà sì ni Pen Cinema. Ilé sinimá ni ó wà níbẹ̀ nígbà kan rí, ibi tí àwọn àgbà wa ti ń ṣe fàájì. Ilé sinimá ti lọ, afárá ti dé, àwọn agbèrò sì ń pe orúkọ náà láti àárọ̀ di alẹ́ láìmọ fíìmù kan tí wọ́n fi hàn níbẹ̀. Bí ìtàn bá bọ́, orúkọ nìkan ni yóò kù, orúkọ kò sì lè bọ́ ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, a fi ohun mẹ́ta síwájú ẹgbẹ́ yìí.

Èkíní, kí a yan ọ̀dọ́ méjì àti àgbàlagbà kan láti lọ gba ìtàn ijó wọ̀nyí sílẹ̀, ojúlé dé ojúlé. Àwọn tí ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní 2018 ṣì wà láàárín wa. Kí a kọ orúkọ wọn sínú ìwé ìròyìn yìí nígbà tí ojú wọn lè rí i.

Èkejì, kí a ṣí gbọ̀ngán wa fún àwọn ọ̀dọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀. Ẹ̀yin ará ìdálẹ̀, ẹ bá wa ra ẹ̀rọ agbóhùnsókè. Ọmọ tí ó bá ní ibi tí yóò jó sí lábẹ́ ojú àgbà kò ní wá ẹ̀yìn ògiri lọ.

Ẹ̀kẹta, kí àwọn òbí àti àwọn oníkẹ́mísìtì àdúgbò jókòó pẹ̀lú wa lórí ọ̀rọ̀ oògùn. Àṣẹ ìjọba dára, ṣùgbọ́n ojú ìyá àti ojú aládùúgbò ni ó ń rí ìgò tí ó wà lábẹ́ ibùsùn.

Ní ti ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí a jẹ yín, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jókòó lẹ́yìn, a ti bá alága sọ̀rọ̀. Bí a bá ti jókòó báyìí, ẹ̀yin ni ó kàn. Ẹ má gba ẹnu géètì lọ mọ́. Ẹ bọ́ sí iwájú. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Òun náà ni a ó fi tún Agége ṣe.