Ìwé Kékeré Nínú Àpò Ọlọ́kadà

  Lónìí a fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lórí ọ̀nà jíjìn tí ènìyàn ń fi alùpùpù rìn láàárín ọjọ́ kan. Ẹ má ṣe wí pé ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́kadà nìkan ni. Ta ni nínú wa ní Ifọ̀ níhìn-ín tí kò gun ọ̀kadà rí? Bí kì í bá ṣe àwa ni à ń wà á, ọkọ wa ni, tàbí ọmọ wa.

Ní ọdún 2022, ọmọ ilẹ̀ wa kan, Ọ̀gbẹ́ni Kúnlé Adéyanjú, gun alùpùpù láti ìlú London dé Èkó. Ó fẹ́ kó owó jọ láti fi gbógun ti àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Ó gbéra ní ọjọ́ 19 oṣù kẹrin, ó la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, ó sì dé Èkó ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún. Ọjọ́ 41 ni. Ọ̀nà náà tó nǹkan bí 12,000 kìlómítà. Ẹ jẹ́ kí a pín in sí ọ̀nà 41. Yóò fún wa ní nǹkan bí 290 kìlómítà lójúmọ́.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn kan ń gun alùpùpù ńlá tí ìjókòó rẹ̀ rẹlẹ̀, tí ẹsẹ̀ ẹni máa ń nà síwájú. Ẹgbẹ́ kan wà níbẹ̀ tí à ń pè ní Iron Butt Association. Ẹni tí ó bá rin 1,000 máìlì, èyí tí í ṣe 1,609 kìlómítà, láàárín wákàtí 24, wọn a fún un ní ìwé ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n wọn kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ó ní láti kọ ibi tí ó dúró sí sílẹ̀, àti wákàtí, àti nọ́ńbà tí mítà alùpùpù rẹ̀ kà, kí ó sì kó rìsíìtì epo rẹ̀ jọ. Ẹ gbọ́ o: láìsí ìwé, kò sí ìrìn àjò!

Ó dára. Ẹ jẹ́ kí a padà wá sílé. Bí ọlọ́kadà bá ń gbé èrò láti ọjà lọ sí abúlé tí ó jẹ́ 8 kìlómítà, àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 16. Bí ó bá lọ tí ó bọ̀ nígbà 15 láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, 240 kìlómítà ni. Ó kù díẹ̀ kí ó tó ti ẹni tí ó ti London bọ̀! Síbẹ̀ ọlọ́kadà yìí yóò wí pé, "Èmi? Mi ò kúrò ní Ifọ̀ lónìí." Kò mọ̀ pé òun ti rin ọ̀nà jíjìn. Nítorí náà kò sinmi.

Èyí ni a ṣe ní kí olúkúlùkù yín ní ìwé kékeré nínú àpò. Ní òwúrọ̀, kọ nọ́ńbà tí mítà kà. Ní alẹ́, kọ ọ́ padà, kí o sì yọ ti òwúrọ̀ kúrò nínú rẹ̀. Bí mítà bá ka 18,460 ní òwúrọ̀, tí ó sì ka 18,700 ní alẹ́, iye tí o rìn jẹ́ 240. Kọ iye epo tí o rà pẹ̀lú. Bí ìwé tí ó bá alùpùpù rẹ wá bá sọ pé kí o pààrọ̀ ọ́ìlì ní 2,000 kìlómítà, ọjọ́ kẹsàn-án ti tó láti pààrọ̀ rẹ̀. Wo bíréèkì, táyà àti iná pẹ̀lú lọ́jọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ àárẹ̀ ni ó kàn. Àwọn onímọ̀ ti wádìí rẹ̀ pé ẹni tí ó bá ti lajú fún wákàtí 17 láìsùn, ara rẹ̀ kì í tètè jí sí nǹkan mọ́, àfi bí ẹni tí ó ti mutí. Ẹni tí ó jí ní aago márùn-ún òwúrọ̀ ti bọ́ sínú rẹ̀ ní aago mẹ́wàá alẹ́. Paraga kò lè wo èyí sàn, ṣe ni ó ń dá kún un. Oorun nìkan ni oògùn rẹ̀. A mọ̀ pé owó tí ẹ ń dá fún ẹni tí ó ni alùpùpù kò gbọ́dọ̀ yẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ọjọ́ kan ṣeé san lọ́la. Ẹ̀mí kò láàrọ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún 2009, nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹni tí kò dé àṣíborí, àwọn ọlọ́kadà kan dé igbá, àwọn mìíràn dé ike ọ̀dà. A rẹ́rìn-ín, àbí? Ṣùgbọ́n igbá kò lè gba orí là lórí ọ̀dà títì. Ìwádìí láti ilẹ̀ púpọ̀ fi hàn pé nínú 100 ẹni tí ìbá kú nínú ìjàǹbá alùpùpù láìdé àṣíborí, ojúlówó àṣíborí lè gba nǹkan bí 42 là. Ẹ dé e, kí ẹ sì dì í lábẹ́ àgbọ̀n.

Ẹ̀yin ìyàwó àti ọmọ tí ẹ mọ̀wé, bí bàbá bá wọlé lálẹ́, ẹ bá a ka mítà, ẹ bá a ṣe ìṣírò náà. Bí ó bá ti pọ̀ jù, ẹ sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Bàbá, ẹ sinmi díẹ̀ lọ́la." Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Kí Ọlọ́run mú wa délé láyọ̀ o.