Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Gbọ́ Ohun Tí Ikùn Rẹ̀ Ń Sọ

(Ọ̀rọ̀ tí alákòóso ẹ̀ka ọ̀dọ́ bá àwọn òbí sọ ní ìpàdé wa ní Festac)

 

Mo mọ̀ pé àwọn kan á máa sọ nínú pé, "Ọmọ yunifásítì tí kò tíì bímọ, kí ló fẹ́ sọ fún wa nípa oúnjẹ ọmọ?" Òótọ́ ni, n kò tíì bí. Àmọ́ àwa ọ̀dọ́ la máa ń mójú tó àwọn ọmọ yín tí ìpàdé bá ń lọ lọ́wọ́, a sì ń rí bí wọ́n ṣe ń jẹun. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀, tótó ó ṣe bí òwe.

Ohun tí à ń rí ni pé oúnjẹ ń ba àwọn mìíràn nínú wọn lẹ́rù. Ọmọ kan á kọ́kọ́ wo ojú ìyá rẹ̀ kó tó mú ẹran. Òmíràn ti yó kẹ́ri, síbẹ̀ ó ń ti ìrẹsì sẹ́nu tomijé-tomijé, torí wọ́n ní kò gbọdọ̀ ṣẹ́kù.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀ wa. Ẹ̀yin àgbà, ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń rọ ọmọ. Ìyá á tẹ́ ìkókó sórí itan, á ká àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, á wá da ẹ̀kọ olómi sí i. Bí ọmọ bá pa ẹnu dé, wọ́n á dí i nímú kó lè lanu. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn olùwádìí ṣiṣẹ́ láwọn abúlé ní Ìpínlẹ̀ Kwara, wọ́n sì bá ọ̀pọ̀ ìyá tó ń ṣe é. Kì í ṣe pé àwọn ìyá náà burú. Oko ń dúró, ọjà ń dúró, ọmọ sì gbọ́dọ̀ yó kí wọ́n tó jáde. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ lè gba ọ̀nà èémí wọ inú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ, ìyẹn ò sì ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú.

Ohun tó wù mí nínú iṣẹ́ yẹn ni pé wọn ò fi mọ sí bíbá àwọn ìyá wí. Wọ́n mú oúnjẹ tuntun jáde tí wọ́n pè ní Ẹ̀kọ Ìlera: ògì tí a pò mọ́ ẹ̀wà yíyan tí a lọ̀ kúnná, pẹ̀lú epo pupa. Omi ló pọ̀ jù nínú ògì lásán, ọmọ lè mu ún títí kó má sì dàgbà bó ṣe yẹ. Ẹ̀wà ló ń mú ara dàgbà, epo pupa ń fún un lágbára, ó sì dára fún ojú. Tí oúnjẹ bá ti ní láárí, díẹ̀ tí ọmọ fẹnu ara rẹ̀ gbà á ṣe é lóore.

Lóde òní, ṣíbí àti fóònù la fi ń rọ wọ́n. Ọmọ ń wo kátúùnù, ẹnu ń là, ṣíbí ń wọlé. Kò mọ ohun tó ń jẹ, kò mọ ìgbà tó yó.

Èyí tí wọ́n ń sọ pé ẹyin ń sọ ọmọ di olè ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo àwọn olè ńláńlá inú ìwé ìròyìn, ṣé ẹyin tí wọ́n jẹ ní kékeré ló fà á? Ọmọ tí a fi ẹran ṣe èèwọ̀ fún ló ń yọ́ ṣí ìkòkò lóru.

Mínírà náà wà ńbẹ̀. "Jẹ ẹ̀fọ́ yìí tán, mo máa fún ẹ ní mínírà." Ohun tí ọmọ gbọ́ ni pé ìyà ni ẹ̀fọ́, mínírà sì ni ẹ̀bùn. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní ìparí 2021 fi ₦10 lé lítà kọ̀ọ̀kan ohun mímu aládùn, àmọ́ páálí mínírà níbi ọjọ́ìbí àwọn ọmọ wa ò tíì dín.

Ẹ má pè wọ́n ní òrobó tàbí lẹ́pa mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ àwàdà. Àwa la máa ń rí ọmọbìnrin tó ń fi àwo rẹ̀ pamọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Mo mọ̀ pé ọjà Agboju ò rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni. Àwọn ilé kan wà láàrin wa tí kò sí àṣẹ́kù láti jà sí, ebi gan-an ni wàhálà wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rí ẹ̀ka obìnrin ní kọ́lọ́fín, ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́.

Ní ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, a máa tẹ́ tábìlì fún àwọn ọmọ: mọ́ínmọ́ín, ẹyin sísè, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀pà (ẹ̀pà ò wà fún àwọn tí kò tíì pé ọdún márùn-ún o, kó má há wọn lọ́fun). Omi ni wọ́n máa mu. Kálukú á fọwọ́ ara rẹ̀ bu ìwọ̀n tó fẹ́, ẹni tó bá tún fẹ́ á tún bù. Ẹ̀yin òbí, ẹ bá wa fi "jẹ ẹ́ tán" sílé lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá lè fi ẹ̀wà ṣèrànwọ́, kó jẹ́ kí ẹ̀ka obìnrin mọ̀ ṣáájú. Àwa ọ̀dọ́ la máa fọ àwo.